FỌ́TÒ TÍ Ó TẸ OJÚ Ọ̀NÀ
(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan sọ ní ìpàdé ẹ̀ka ní Emùré-Ilé)

 

Gbogbo wa la rí fọ́tò Ọjọ́ Òṣìṣẹ́ tó kọjá. Àwọn tó dúró láàárín ṣe déédéé, àwọn tó wà létí sì fẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí lẹ́rẹ̀kẹ́. A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́ńsì tó ń wo ibi fífẹ̀ ló fà á. Kí ayàwòrán sún sẹ́yìn lọ́dún tó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ti awakọ̀ wa kan kì í ṣe ẹ̀rín. Ó páàkì sí etí títì lọ́nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ nígbà tí ọkọ̀ mìíràn wá kọ lù ú. Ó fi fóònù ya àwòrán gbọọrọ, ó ń yí i láti òsì sí ọ̀tún. Nínú fọ́tò náà, etí títì tó tọ́ gbọnrangandan tẹ̀ bí igi ọrun, lọ́rì rẹ̀ sì dàbí èyí tó dábùú ọ̀nà. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan wo fọ́tò yìí, wọ́n ní awakọ̀ wa ló jẹ̀bi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Tí a bá ń yí fóònù báyìí, ṣe ló dà bí ìgbà tí a ya ohun tí a rí sára bébà tí a lẹ̀ mọ́ inú àgbá, tí a wá yọ bébà náà tẹ́ sílẹ̀. Òpó iná tó dúró ṣánṣán kò ní tẹ̀. Etí títì tó dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ ojú wa ni yóò tẹ̀.

Àtúnṣe wà. Ní 1998, Helmut Dersch, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Furtwangen ní Jámánì, gbé ètò kọ̀ǹpútà kan jáde, Panorama Tools. Ilé-iṣẹ́ IPIX ti Amẹ́ríkà halẹ̀ mọ́ ọn pé àwọn ni ìjọba fún láṣẹ lórí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. (Ẹ̀yin náà mọ bí olówó ṣe ń ṣe.) Àwọn mìíràn gbé iṣẹ́ náà lọ síwájú, lára rẹ̀ ni Hugin ti jáde, ọ̀fẹ́ ni, kọ́bọ̀ ò wọ̀ ọ́.

Ẹ gbé fọ́tò sínú Hugin, ẹ sọ fún un pé irú àwòrán àgbá yẹn ni, ẹ sì sọ iye digírì tí ẹ fi yí fóònù. Ẹ fi àmì sí ojúkò mélòó kan ní etí títì, kí ẹ ní ìlà títọ́ kan náà ni gbogbo wọn. Yóò ṣírò rẹ̀, etí títì yóò sì tọ́ padà. Tí àwòrán bá ti fẹ̀ tó 120 digírì, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò nà jù. Ẹ gé wọn kúrò.

Ẹ má pa fọ́tò àkọ́kọ́ rẹ́ o! Méjèèjì ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe sí ìkejì, kí wọ́n má baà pè yín ní ayédèrú. Ẹ tún fi téèpù wọn ọ̀nà náà, nítorí fọ́tò kò lè sọ bí ibì kan ṣe jìnnà sí ibòmíràn.

Báyìí la ṣe fún awakọ̀ wa. A ti kó gbogbo rẹ̀ lọ, a ń retí èsì. Kọ̀ǹpútà wà lọ́dọ̀ mi níbí. Ẹni tó bá ní irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, kó dúró dè mí lẹ́yìn ìpàdé.