Abẹ́rẹ́ Kéré, Kì í Ṣe Mímì fún Adìẹ: Ìkéde Gbangba Lórí Iléeṣẹ́ Kéékèèké Tó Ń Tú Èéfín

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá: nígbà tí ìjọba bá fẹ́ fún iléeṣẹ́ kékeré ní ìwé àṣẹ láti máa tú èéfín àti eruku sáfẹ́fẹ́, ta ló yẹ kó gbọ́, ìgbà wo ló sì yẹ kó gbọ́? Amẹ́ríkà ni n ó ti mú àpẹẹrẹ, pàápàá ìpínlẹ̀ Texas, nítorí àwọn ènìyàn wa tó fi Houston ṣe ilé kò níye.

Òfin Afẹ́fẹ́ Mímọ́ tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1970, tí wọ́n ṣàtúnṣe sí lọ́dún 1977 àti 1990, pín iléeṣẹ́ sí ńlá àti kékeré. Ìwọ̀n ló fi pín wọn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, èyí tó bá lè tú 100 tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí kan jáde lọ́dún ni ńlá. Bó bá jẹ́ májèlé tí òfin dárúkọ ni, tọ́ọ̀nù 10 ẹyọ kan, tàbí 25 àpapọ̀ wọn, ti tó. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, kékeré ni. Àwọn kan tún wà tí ẹ̀rọ wọn lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn kò ní lò ó ju wákàtí báyìí lọ lọ́dún, kí wọ́n lè bọ́ sí ìsọ̀rí kékeré. Orí ìwé ni irú wọn ti kéré. Bí wọ́n bá da àdéhùn, aládùúgbò tó ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ lóru ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Òfin kò ní kí wọ́n má kéde ti àwọn kékeré. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ sọ pé kí wọ́n gbé ìwé tí oníléeṣẹ́ kọ, àti àyẹ̀wò tí àjọ ìjọba ṣe, síbi kan ó kéré tán ládùúgbò tí ọ̀rọ̀ kàn, kí wọ́n polongo rẹ̀ kedere níbẹ̀, kí wọ́n sì fún ará ìlú ní 30 ọjọ́ láti fèsì. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣètò tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ti yọ oríṣi iléeṣẹ́ kan kúrò. EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká, ti ní inú ìwé ìròyìn kì í ṣe ọ̀ranyàn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìkéde lè gbà báyìí. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ènìyàn sì lè ka ìwé náà látilé. Àmọ́ ẹni tó ti fura tẹ́lẹ̀ nìkan ló máa wá a débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo irú iléeṣẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ kan: ibùdó tí wọ́n ti ń po kọnkéré ní Texas. Iyanrìn, òkúta, sìmẹ́ǹtì àti omi ni wọ́n ń pò, kí wọ́n tó dà á sínú ọkọ̀ ńlá. Eruku ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń da iyanrìn, ó ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń fẹ́ sìmẹ́ǹtì sínú àgbá, ọkọ̀ tó ń wọlé tó ń jáde náà ń tú u. Èyí tó kúnná jù nínú rẹ̀ ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Kọnkéré tútù kò sì ní sùúrù, yóò gan bí ọ̀nà bá jìn. Ìdí nìyí tí ibùdó rẹ̀ fi ń sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ohun tó mú un kéré náà ló mú un súnmọ́ wa.

Síbẹ̀, fún irú ìwé àṣẹ tí ọ̀pọ̀ ibùdó bẹ́ẹ̀ ń gbà, òfin Texas sọ pé ẹni tí ilé tó ń gbé kò jìnnà ju 440 yáàdì lọ, nǹkan bí 400 mítà, ló lè béèrè ìjókòó ìgbẹ́jọ́. Olùkọ́ tó ń fi gbogbo ọjọ́ kọ́mọ níwé lẹ́bàá ibẹ̀ kì í ṣe olùgbé, nítorí náà kò lè béèrè. Ti èdè ńkọ́? Bí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó súnmọ́ ibẹ̀ bá ń fi èdè méjì kọ́ àwọn ọmọ, ìkéde gbọ́dọ̀ jáde ní èdè kejì náà. Ó dára fún àwọn tó ń sọ èdè Sípáníìṣì. Ìyá àgbà tó bá ọmọ rẹ̀ wá tọ́mọ ní Houston, tí Yorùbá nìkan yé, kò sí nínú ìṣirò náà.

Òfin tiwa ńkọ́? Òfin Nàìjíríà ti 1992 lórí àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká sọ pé kí ará ìlú láǹfààní láti sọ̀rọ̀ kí ìjọba tó pinnu. Iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tó ń ṣe 30 tọ́ọ̀nù clinker (ohun tí wọ́n ń lọ̀ di sìmẹ́ǹtì) ní wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àyẹ̀wò náà di dandan fún. Ìwọ̀n nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, 3 kìlómítà sí ibi tí ènìyàn ń gbé ni òfin kan náà wò. Ìtòsí nìyẹn.

Ohun tí mo ń gbà níyànjú kò ju èyí lọ: kí a fi ìtòsí kún ìwọ̀n. Kí ìkéde dé ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé, ilé-ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tó yí ibẹ̀ ká, ní èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, àti lórí rédíò. Kí ó sọ ohun tí iléeṣẹ́ náà máa tú jáde, iye rẹ̀ àti wákàtí tí yóò fi ṣiṣẹ́. Kí ó sì dé kí wọ́n tó ri ìpìlẹ̀, nítorí pé ìkéde tó bá dé lẹ́yìn tí owó ti wọlẹ̀, ìròyìn lásán ni. Kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè.