Àmì Kan Ṣoṣo Lórí Ọpọ́n

 

Gbogbo ẹni tó ti jókòó níwájú babaláwo ti rí ikin mẹ́rìndínlógún lọ́wọ́ rẹ̀. Awo a máa fi ọwọ́ kan gbá wọn mú kúrò nínú ìkejì. Bí ikin kan bá ṣẹ́kù, a tẹ àmì méjì sínú ìyẹ̀rosùn. Bí méjì bá ṣẹ́kù, a tẹ ẹyọ kan. Ìyàtọ̀ ikin kan péré ni. Síbẹ̀, ẹ wo iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Bí àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin apá kan bá jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, Ogbè ni. Bí ti ìsàlẹ̀ nìkan bá di méjì, ó ti di Ògúndá. Bí ó bá jẹ́ ti òkè nìkan ni ó di méjì, Ọ̀sá ni. Ojú mẹ́jọ péré ni a ń tẹ̀, ọ̀nà méjì sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbà yọ. Òun náà ni ó bí odù 256.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń kọ́ Ifá. Ọmọ awo kì í gbé gbogbo ẹsẹ mì lẹ́ẹ̀kan. Olúwo rẹ̀ á kọ́ ọ ní ìwọ̀nba, òun á tún un sọ títí yóò fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀la ni yóò gba òmíràn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èyí ń gbà. Ohun tí àwọn àgbà há sórí díẹ̀díẹ̀ báyìí ni UNESCO kéde ní ọdún 2005 pé ó jẹ́ àjogúnbá gbogbo ọmọ aráyé.

Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ mọ ọgbọ́n yìí lójú omi. Ẹni tó bá dé ọjà ẹja Olúwo á rí agbọ̀n tó kún fún ẹja. Kò ní rí ìrọ̀lẹ́ tí apẹja fi jókòó tún àwọ̀n ṣe, tí ó ń wá ojú kan tó já. Ojú àwọ̀n kan tí a kò dí lónìí ni ẹja ńlá yóò gbà lọ lọ́la.

Ní Ìkòròdú, àwọn ọmọ ilé kan náà tí ayé mọ̀ sí Ikorodu Bois fi ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́. Wọn kò dúró de kámẹ́rà olówó iyebíye. Fóònù, ìkòkò, bárò àti ohun tó wà nínú ilé ni wọ́n fi ń sín fíìmù àti orin àwọn gbajúmọ̀ jẹ, fídíò kan tẹ̀ lé òmíràn. Ní ọdún 2020, wọ́n sín ìpolówó fíìmù Extraction jẹ. Àwọn tó ṣe fíìmù náà rí i, wọ́n sì pè wọ́n síbi àfihàn apá kejì rẹ̀. Lọ́dún kan náà, Netflix fi ohun èlò ìyàwòrán ta wọ́n lọ́rẹ. Ohun èlò ńlá dé ní ìkẹyìn. Bárò àti ìkòkò ló ṣíwájú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwùjọ wa gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń wá ọlà òjijì. Ẹlòmíràn á rú ẹbọ, á fẹ́ kí ayé òun yí padà kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n kò ní fi ìwà kan ṣoṣo sílẹ̀. Yóò máa purọ́ fún oníbàárà, yóò máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó tó mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀nà kò bá là, á ní Ifá ni kò ṣẹ. Ẹbọ ń la ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ẹni ni a fi ń rìn ín. Babaláwo tó bá sì ṣèlérí ọlà òru kan fún ọ̀dọ́ ti tan ọmọ ọlọ́mọ jẹ.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù mú àmì kan péré tí yóò yí padà kúrò níbi ọdún yìí. Kí ọmọ iṣẹ́ máa tètè dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀. Kí ọlọ́jà máa kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sílẹ̀ lálaalẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ka ojú ìwé márùn-ún kí ó tó sùn. Kí ó di àmọ́dún kí ẹ tó wo odù tó yọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ifá á gbè wá o. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.