Òfin Tó Sùn sí Ẹ̀yìn Ọjà Wa

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá Alabar ní Kumasi, òfin òwò Ghana lẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Òun ló ń sọ ohun tí àjèjì lè ṣe àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe nínú ọjà Ghana.

Ó pẹ́ tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní ìkórìíra Busia, olórí ìjọba Ghana nígbà náà, nìkan ló lé wa kúrò ní Ghana ní 1969. N kò gbà. Àṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní pámíìtì kúrò nílùú, tó jáde ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá ọdún náà kò bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun. Láti 1963, nígbà ìjọba Ààrẹ Nkrumah, ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti ṣòfin pé kí àjèjì ní pámíìtì. Ọdún mẹ́fà ni òfin yẹn fi sùn. Àwọn èèyàn wa ń tajà, wọ́n ń kọ́lé, wọ́n ń bímọ, ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Ìgbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ni Busia jí i, ó sì fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n á ní mò ń gbèjà rẹ̀. Rárá o! Ìwà ìkà ni ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Ọmọdé ni mí, ojú mi ló ṣe: ìyá mi ń ta ànkárá ní iyekíye tí oníbàárà bá dá, orúkọ àwọn ará Ejura tó jẹ ẹ́ lówó kún inú ìwé rẹ̀, kò sì rí pẹ́sẹ́wà kan gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá di gbogbo ẹ̀bi ru Busia kò ní rí ibi tí òfin náà gbà wọlé.

Bẹ́ẹ̀ náà ló tún rí ní 1994. Òfin GIPC, àjọ tó ń rí sí ìdókòwò ní Ghana, ti ọdún yẹn, nọ́ńbà 478, ní àjèjì kò gbọ́dọ̀ tajà nínú ọjà, kò sì gbọ́dọ̀ kiri. Ta ló kà á nínú wa? Ní 2013, òfin 865 tún un sọ, ó sì gbé owó tí àjèjì oníṣòwò gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ láti $300,000 dé $1,000,000, pẹ̀lú ọmọ Ghana 20 tó gbọ́dọ̀ gbà síṣẹ́. Mílíọ̀nù dọ́là, láti ta ẹ̀yà ara ọkọ̀! Ìgbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù wa pa ní Suame Magazine, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Kumasi, ní 2019 ni ẹnu tó yà wá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ariwo ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, lẹ máa ń pa. Òótọ́ ni, Èkó ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn tó dá a sílẹ̀ ní 1975, àdéhùn ìrìnnà fàlàlà sì tẹ̀ lé e ní 1979. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n ṣe ní Accra ni adájọ́ Kumasi máa kọ́kọ́ ṣí. Ẹ kà á ná.

Ní oṣù kẹsàn-án 2020, Femi Gbajabiamila, olórí ilé aṣojú-ṣòfin Nàìjíríà nígbà náà, wá bá Mike Oquaye, olórí ilé aṣòfin Ghana nígbà náà, jíròrò lórí ọ̀rọ̀ òwò yìí, olórí aṣòfin sí olórí aṣòfin. Ó dára, àmọ́ àgádágodo ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wa kí wọ́n tó jókòó.

Alága ti ń wojú mi. Kí wá ni ṣíṣe? Àwọn ọmọ Ghana pọ̀ nínú wa tí wọ́n ń dìbò. Kí wọ́n lọ bá aṣojú wọn. Bí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin bá tún pe ará ìlú lórí òfin yìí, kí ìyá ọlọ́jà kan láti Alabar wà níbẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀, kó sọ iye tó fi bẹ̀rẹ̀ òwò àti iye ọmọ Ghana tó ń jẹun lábẹ́ rẹ̀.