Àwọ̀n Ìyídà Kẹ́míkà Nínú Ohun Ẹlẹ́mìí: Ohun Tí Ìrísí Nìkan Lè Sọ Fún Wa

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìṣirò tí ó wà nídìí àwọn ìyídà kẹ́míkà tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ohun ẹlẹ́mìí. Bí a bá ní kí a sọ ọ́ tinú-tẹ̀yìn, ilẹ̀ yóò ṣú, ilẹ̀ yóò sì tún mọ́. Nítorí náà n ó sáré kọjá lórí ìtumọ̀, kí n lè ráyè dúró níbi tí ọ̀rọ̀ gbé dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ mọ̀ pé nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, tí ojú lásán kò lè rí, àìmọye mólékù ni ó ń pàdé, tí wọ́n ń so pọ̀, tí wọ́n ń tú ká, tí ọ̀kan ń di èkejì. Bí a bá kọ àwọn ìpàdé wọ̀nyí sílẹ̀, tí a fi ọfà so ohun tí ó wọlé mọ́ ohun tí ó jáde, àwọ̀n ìyídà ni a yà yẹn. Ohun tí ó wà ní ìdí ọfà tàbí ní ẹnu rẹ̀ ni mo ń pè ní ìdì. Àwọn ìdì tí ọfà bá so kọ́ra, ì báà ṣe láti ọwọ́ dé ọwọ́, agbo kan ni wọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé ibikíbi tí ọfà lè gbé wa dé, ọ̀nà kan ń bẹ tí a lè gbà padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀nà ẹ̀bùrú, a ní àwọ̀n náà ní àbọ̀. Ní ti ìyára, àwọn ará Norway méjì kan tí wọ́n jẹ́ àna ara wọn, Guldberg àti Waage, ti sọ ọ́ láti 1864 pé bí àwọn tí yóò pàdé bá ti pọ̀ tó ni ìpàdé wọn yóò ti yá tó: ẹ fi iye ọ̀kan sọ iye èkejì di púpọ̀, kí ẹ sì fi òǹkà ìyára tí ó jẹ́ ti ìyídà yẹn nìkan tún un sọ di púpọ̀. Mo gbà pé ẹ mọ ìyókù.

Òǹkà ìyára yìí gan-an ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ̀n ọ́n nínú ìgò lè wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n inú sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe inú ìgò, èrò pọ̀ níbẹ̀, ohun tí a sì wọ̀n níta lè má bá ti inú mu rárá. Ǹjẹ́ a wá lè sọ ohunkóhun nípa ìwà àwọ̀n kan láìmọ òǹkà ìyára rẹ̀? Ní 1972, nínú ọ̀wọ́ ìwé tí Fritz Horn, Roy Jackson àti Martin Feinberg tẹ̀ jáde, wọ́n dáhùn pé a lè sọ púpọ̀. Ẹ ka iye ìdì tí ó wà nínú àwòrán náà. Ẹ yọ iye agbo kúrò níbẹ̀. Iye mólékù tí ọfà kọ̀ọ̀kan ń fi kún tàbí tí ó ń yọ ni mo ń pè ní ọ̀nà àyípadà. Ẹ tún yọ iye ọ̀nà àyípadà tí kò sí èyí tí a lè fi àwọn yòókù tò jọ nínú wọn. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù ni iye àìtó àwọ̀n náà. Bí àìtó bá jẹ́ òdo, tí àwọ̀n sì ní àbọ̀, ipò ìfìdímúlẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo mólékù wọ̀nyí lè wà pọ̀ sí fún iye ohun tí a kó sínú ìgò ní ìbẹ̀rẹ̀, bí a bá sì tì wọ́n díẹ̀ kúrò níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọn yóò padà sí, òǹkà ìyára ì báà kéré, ì báà tóbi. Bí àìtó bá jẹ́ òdo ṣùgbọ́n tí kò sí àbọ̀, kò sí ipò ìfìdímúlẹ̀ kankan tí gbogbo wọn yóò gbé ṣẹ́kù. Nínú méjèèjì, lílọ-bíbọ̀ tí kò lópin kò sí níbẹ̀.

Mo sọ pé “fún iye ohun tí a kó sínú ìgò”, ẹ má sì jẹ́ kí ó bọ́ mọ́ yín létí. Ọmọ ayò 48 ni ó wà lórí ọpọ́n. Ó lè ti ojúlé dé ojúlé, ó sì lè wà lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ ẹ́, 48 náà ni yóò jẹ́ títí ayò yóò fi parí. Bẹ́ẹ̀ ni iye ẹ́ńsáìmù inú ìgò ṣe rí, yálà ó dá wà tàbí ó di mọ́ ohun tí ó ń gé.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí tí Michaelis àti Menten ṣe ní Berlin ní 1913 dán an wò. Maud Menten, obìnrin oníṣègùn ará Kánádà, ni ó rin ìrìn-àjò lọ bá Michaelis níbẹ̀, tí àwọn méjèèjì fi wo bí ẹ́ńsáìmù kan ṣe ń gé ṣúgà ìrèké sí méjì. Ẹ́ńsáìmù pàdé ṣúgà, wọ́n di ọ̀kan, wọ́n sì lè tú ká. Tàbí kí èyí tí wọ́n dà yẹn bí ohun tuntun, kí ẹ́ńsáìmù sì bọ́ lómìnira. Ìdì 3, agbo 1, ọ̀nà àyípadà 2: 3 yọ 1 yọ 2, ó ku òdo. Kò sì sí àbọ̀ láti ọ̀dọ̀ ohun tuntun náà, nítorí náà ṣúgà gbọ́dọ̀ tán. Ẹ ní ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ̀ pé ẹ lè mọ̀ ọ́n láìwọn òǹkà kan ṣoṣo.

Mo fẹ́ sọ ti Boris Belousov fún yín wàyí, bí ẹ bá sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí, ẹ foríjì mí, nítorí n kò lè sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ yìí kí n má dárúkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà kì í ṣe ọmọdé. 1893 ni wọ́n bí i. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ kẹ́mísírì fún àwọn ológun Soviet kí ó tó bọ́ sí ilé ìwádìí kan ní Moscow. Ní nǹkan bí 1951, ó fẹ́ fi ìgò lásán ṣe àfarawé àyípo tí sẹ́ẹ̀lì fi ń rí agbára nínú oúnjẹ, èyí tí a ń fi orúkọ Krebs pè. Ó po ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́ potassium bromate, ó da ásíìdì sulfúríìkì sí i, ó sì fi cerium díẹ̀ kún un. Ohun tí ó ń retí ni pé kí àwọ̀ ìyeyè tí omi náà ní ṣí, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Àwọ̀ náà ṣí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó yí ojú padà, ó ti tún dé. Ó tún ṣí, ó tún dé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti rí i, ó fi ránṣẹ́ sí ìwé àtìgbàdégbà, olóòtú sì dá a padà pé ohun tí ó wí kò lè ṣẹlẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdí tí olóòtú fi sọ bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe òpè. Òfin kejì nínú ìmọ̀ agbára ooru sọ pé ohun tí a fi sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú ìgò tí a dé ń lọ sí ibi ìsinmi ni, kì í sì í padà lẹ́yìn. Òfin náà kò yẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára tí ó wà fún lílò nínú ìgò náà lápapọ̀ ni òfin ń bá wí, àpapọ̀ yẹn kò sì dẹ́kun àtimáa dín kù ní gbogbo àkókò tí àwọ̀ fi ń lọ tí ó ń bọ̀. Àwọn mólékù agbedeméjì nìkan ni ó ń pọ̀ tí wọ́n ń dín, bí ó bá sì pẹ́ títí, oúnjẹ inú ìgò yóò tán, àwọ̀ yóò sì dúró sójú kan. Olóòtú mú òfin tí ó jẹ́ ti ìparí ìrìn-àjò, ó fi ṣe òfin ojú ọ̀nà. Kì í ṣe òun ni yóò kọ́kọ́ ṣe é: William Bray ti rí irú lílọ-bíbọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Berkeley, ó sì ti kọ ọ́ jáde ní 1921, àwọn ènìyàn ní ìdọ̀tí ni ó bọ́ sínú ìgò rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Àwọn wọ̀nyí kò yá ọgbọ́n ẹnikẹ́ni lò.

Belousov tún gbìyànjú ní 1957. Wọ́n ní kí ó gé e kúrú. Inú bí i, ó kọ̀. Níkẹyìn, ní 1959, àkọsílẹ̀ ṣókí kan jáde nínú àkójọpọ̀ tí ó jẹ́ ti ìṣègùn ìtànṣán, níbi tí kò sí onímọ̀ kẹ́mísírì kan tí yóò wò. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní 1961, Simon Shnoll fi ọ̀rọ̀ náà lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́wọ́, Anatol Zhabotinsky, ẹni tí ó fi ásíìdì mìíràn rọ́pò ti ọsàn wẹ́wẹ́, tí àwọ̀ sì hàn kedere ju ti ìṣáájú lọ. Ìpàdé kan ní Prague ní 1968 ni ayé òde gbé mọ̀ ọ́n. Belousov kú ní 1970. Ní 1980 ni ìjọba Soviet fi Ẹ̀bùn Lenin dá òun àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e lọ́lá, nígbà tí kò lè gbọ́ mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn tí ń yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò fún ìwé àtìgbàdégbà wà nínú gbọ̀ngàn yìí. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìdí tí mo fi pẹ́ níbẹ̀ ni pé ìdájọ́ tí olóòtú náà dá ní ibùjókòó tí ó tọ́ sí i, Horn àti Feinberg ni ó sì fi ibẹ̀ hàn wá. Àwọ̀n kan wà tí ó jẹ́ òótọ́ pé wọn kò lè máa lọ máa bọ̀ láéláé: àwọn tí àìtó wọn jẹ́ òdo ni. Ẹ wo èyí tí Lotka gbé kalẹ̀ ní 1920: A di A méjì, A pàdé B, wọ́n di B méjì, B ṣègbé. Ìdì 6, agbo 3, ọ̀nà àyípadà 2. Ó ku 1, òun sì ń lọ, ó ń bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì wá sọ fún mi, gẹ́gẹ́ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń kọ ọ́ sínú ìdánwò lọ́dọọdún, pé nítorí pé àìtó jẹ́ 1 ni ó ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀. Bí àìtó bá ti kọjá òdo, òfin náà dákẹ́ ni. Dídákẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìjẹ́rìí.

Mo ti gbọ́ èsì tí àwọn kan máa ń fọ̀, mo sì ti ń bá wọn jà láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Wọ́n ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ni gbogbo kíka ìdì ka agbo yìí wà fún? Ẹ kó òǹkà fún kọ̀ǹpútà, yóò ya ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ fún yín.” Kọ̀ǹpútà dára, mo ní ọ̀kan. Ṣùgbọ́n òǹkà tí ẹ fún un nìkan ni ó ń dáhùn fún. Bí àwọ̀n yín bá ní òǹkà ìyára 10, tí ẹ sì fẹ́ dán iye 10 wò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ní láti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà 10,000,000,000, síbẹ̀ ẹ kò tíì mọ ohun tí ó wà láàárín iye kan àti èkejì. Kìkì ẹ̀rí tí a fi ìṣirò kọ ni ó ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun kan tí wọ́n sọ tí mo gbà fún wọn ni pé púpọ̀ nínú àwọn àwọ̀n inú sẹ́ẹ̀lì ni àìtó wọn kọjá òdo. Bẹ́ẹ̀ ni, Feinberg fúnra rẹ̀ sì ti gbé òfin mìíràn kalẹ̀ fún àwọn kan tí àìtó wọn jẹ́ 1, ẹ lọ kà á.

Nígbà tí èmi jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, orúkọ Chike Obi àti ti James Ezeilo ni àwọn olùkọ́ wa fi ń dẹ́rù bà wá. Obi, ọmọ Onitsha tí ó kọ́ni ní Ibadan, ń wá ìgbà tí ìdọ́gba tí kò lọ tààrà yóò fi máa yí po padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ezeilo, tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ibadan bákan náà, ń wá ìgbà tí yóò fi dúró ṣinṣin, irinṣẹ́ rẹ̀ sì ni èyí tí Lyapunov ará Rọ́ṣíà rọ ní 1892: ẹ wá iye kan tí ń dín kù ní gbogbo ìgbà tí nǹkan bá ń yí padà, tí kò sì lè sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibì kan. Irinṣẹ́ yìí kan náà ni Horn àti Jackson lò. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń tẹ fóònù lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, iwájú ilé yín ni wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ yìí, pẹ́ńsù àti ìwé ni wọ́n sì fi ṣe é.

Alága ti ń wo aago, ó sì ku mẹ́ta tí n kò tíì fọwọ́ kàn.

Èkíní, Guy Shinar àti Feinberg fi hàn ní 2010 pé, bí àìtó bá jẹ́ 1, tí ìdì méjì kan tí kì í ṣe ibi tí ọ̀nà pin sí bá yàtọ̀ síra pẹ̀lú mólékù kan ṣoṣo, iye mólékù yẹn yóò jẹ́ bákan náà ní gbogbo ipò ìfìdímúlẹ̀ tí àwọn mólékù gbé pé, èyí yòówù kí àwọn púrótéènì pọ̀ tó. Wọ́n fi àwọ̀n kan tí bakitéríà E. coli fi ń mọ bí omi àyíká rẹ̀ ti rí, ti EnvZ àti OmpR, ṣe àpẹẹrẹ. Ó wù mí kí n yà á fún yín.

Èkejì, bí mólékù bá kéré níye tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní láti kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, oríire àti àìríire a máa dá sí i. Ní 2010 náà ni Anderson, Craciun àti Kurtz fi hàn pé àwọ̀n tí àìtó rẹ̀ jẹ́ òdo, tí ó sì ní àbọ̀, ní ìpín Poisson tí a lè kọ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ̀kẹta, mo sọ pé bí a bá ti àwọn mólékù díẹ̀ kúrò níbi ìfìdímúlẹ̀, wọn yóò padà. Bí a bá wá tì wọ́n jìnnà ńkọ́? Horn ní 1974 rò pé ibi yòówù kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni wọn yóò padà sí, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀rí rẹ̀. David Anderson rí i ní 2011 fún àwọ̀n alágbo kan ṣoṣo. Gheorghe Craciun gbé tirẹ̀ síta ní 2015 fún gbogbo wọn. Ìwé náà gùn, ó sì le. Ẹni tí ó bá fẹ́ kà á kí ó wá bá mi lẹ́yìn ìjókòó yìí, kí a jọ dá ọjọ́ tí a óò bẹ̀rẹ̀.