Ìgò Òjò Dídì: Ẹ̀bùn tí a lè fi Ọwọ́ Ara Wa Ṣe
Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ àyájọ́ ẹgbẹ́ wa

  

Àwa tí à ń kọ ìwé owó-yíyá ẹgbẹ́ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí oṣù December bá ti ń sún mọ́lé. Ẹni tó ní òun fẹ́ fi owó kún ọjà, tí a bá wò ó dáadáa, ẹ̀bùn ọmọ-ọmọ ló fẹ́ fi rà. Tó bá wá di January, owó ilé-ìwé dé, owó ẹgbẹ́ dé, ọjà ò sì tíì yá. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ká sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀bùn kan tí kò ní kó wa sí gbèsè.

Àwọn ìyá tó ti lọ wẹ ọmọ ní London tàbí Amẹ́ríkà á ti rí i: ìgò roboto tí ilé kékeré wà nínú rẹ̀, téèyàn bá mì ín, á dà bíi pé òjò dídì ń rọ̀ sórí ilé náà. Snow globe ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin kan ní ìlú Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria, Erwin Perzy, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù nídìí rẹ̀. Irinṣẹ́ àwọn dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ló ń ṣe. Ní nǹkan bí ọdún 1900, ó ń wá bí iná gílóòbù ṣe máa mọ́lẹ̀ sí i fún wọn. Ó mọ̀ pé àwọn aránbàtà máa ń gbé ìgò omi síwájú àbẹ́là kí ìmọ́lẹ̀ lè kó jọ sójú kan. Ó dán an wò, ó da oríṣiríṣi nǹkan sínú omi, ó wá kan semolina. Bẹ́ẹ̀ ni o, semo tí à ń rò yìí! Ṣe ni semo ń rọra wálẹ̀ bí òjò dídì. Iná ò mọ́lẹ̀ tó bó ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ó fi àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Mariazell kékeré sínú ìgò, ọjà bá bẹ̀rẹ̀. Ìdílé rẹ̀ ṣì ń ṣe é ní Vienna dòní. Wọ́n ti rí èyí tó jọ ọ́ níbi ìpàtẹ ńlá ti Paris lọ́dún 1878, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọlọ́jà mọ̀ pé ẹni tó kọ́kọ́ gbé nǹkan jáde lè má jẹ́ ẹni tó máa tà á.

Tiwa ò ṣòro. Ìgò jáàmù tàbí ti mayonéèsì tí ìdérí rẹ̀ dé pinpin ló dára. Ẹ fi gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ bíi Araldite lẹ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ́ inú ìdérí, kó sùn mọ́jú kó tó gbẹ dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, ẹ rọ omi tí a ti sè tó sì ti tutù sínú ìgò, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Omi tí a kò sè máa ń yí àwọ̀ padà. Glycerine tí à ń fi para lásìkò ọyẹ́, ẹ fi ṣíbí tíì méjì tàbí mẹ́ta sí i. Òun ló ń mú omi ki díẹ̀ kí nǹkan má sáré rì. Tó bá ti pọ̀ jù, glitter á lẹ̀ mọ́ ìdí ìgò. Glitter ín-ń-tín ti tó. Ẹni tí kò bá rí glitter, kó sè èèpo ẹyin, kó bó awọ inú rẹ̀ kúrò, kó sá a, kó gún un. Semo gidi ńkọ́? Ẹ má dán an wò, á kan. Ẹ fi gọ́ọ̀mù sí ẹnu ìgò, ẹ dé e pa, ẹ dojú rẹ̀ dé sórí ìwé ìròyìn títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń jò.

Kí la máa fi sínú rẹ̀? Ibí la ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀. Òjò dídì kì í rọ̀ lọ́dọ̀ wa, ọjà la ní. Agboòrùn kékeré tí a fi ike ṣe, ìlẹ̀kẹ̀ gílàásì tí a tò bí ata àti tòmátì, ìsọ̀ ìyá àgbà nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n bí sí Manchester, tí kò tíì fojú kan ọjà wa rí, á máa mì ín, á máa béèrè. Ẹ má fi ankara sí i, àwọ̀ rẹ̀ á jáde. Ẹ má fi irin tàbí ẹ̀wà sí i. Ẹni tó bá fẹ́ fi fọ́tò sí i, kó lámínéètì rẹ̀, kó má gé etí rẹ̀ jù, kí omi má wọlé.

Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi omi rédíétọ̀ aláwọ̀ ewé dípò glycerine, ẹ má gbọ́ tirẹ̀, májèlé ni. Ẹ má sì gbé e sójú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Bó ṣe ń kó iná àbẹ́là jọ náà ló lè kó oòrùn jọ, kó jó kọ́tìnnì. Ẹni tó bá ń rìnrìn-àjò, inú àpótí ńlá ni kó kó o sí, kó fi aṣọ wé e, torí ìgò omi bẹ́ẹ̀ lè fa wàhálà nínú báàgì ọwọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú.

Àwọn kan á ní eré ọmọdé ni. Ọmọdé náà la ń ṣe é fún.

Kí olúkúlùkù fọ ìgò kan, kó bọ́ lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kúrò, kó mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹgbẹ́ á ra glycerine àti gọ́ọ̀mù lápapọ̀, a ó sì pín owó rẹ̀ láàárín ara wa.