Ọkọ̀ Caroline àti Ọ̀tá tí Ó Sá sí Ilé Aládùúgbò

 

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá bá yín. Bí àwọn jàǹdùkú bá ń ti àgbàlá aládùúgbò ẹni sọ òkò lu ilé ẹni ní òròòru, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fo ògiri wọ àgbàlá náà lọ bá wọn jà? Ẹlòmíràn yóò dáhùn kíákíá pé, kí ló dé tí a kò ní fò ó? Ẹ̀mí ẹni ni. Ẹlòmíràn yóò ní rárá, nítorí pé ẹni tí ó ni àgbàlá kọ́ ni ó sọ òkò, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń sùn nínú ilé náà. Àwọn méjèèjì ni ó ní ẹjọ́ rò. Ṣùgbọ́n bí ilé méjì náà bá jẹ́ orílẹ̀-èdè méjì, tí òkò di ọta ìbọn, tí ògiri sì di ààlà ilẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ohun tí àwọn àgbà àdúgbò lè parí. Ó ti ju 180 ọdún lọ tí àwọn amòfin ayé ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ni ó dá a sílẹ̀. Orúkọ ọkọ̀ náà ni Caroline.

Bí àwòrán ilẹ̀ ayé bá wà nítòsí yín, ẹ wo Amẹ́ríkà ti Àríwá. Ẹ ó rí odò kan tí ń jẹ́ Niagara, tí ó so adágún Erie pọ̀ mọ́ adágún Ontario. Ilẹ̀ Kánádà ni ó wà ní apá ìwọ̀-oòrùn odò náà, ìpínlẹ̀ New York ti Amẹ́ríkà sì wà ní apá ìlà-oòrùn. Ní ọdún 1837, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Kánádà wà. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní William Lyon Mackenzie, oníwèé-ìròyìn ni, ó sì ti jẹ olórí ìlú Toronto rí ní 1834. Inú bí i pé ìdílé mélòó kan ni ó di gbogbo agbára ìlú mú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù December 1837, ó kó ènìyàn jọ, wọ́n gbé ìbọn, wọ́n dojú kọ Toronto. Ogun náà kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi tú wọn ká. Mackenzie sá gba ààlà kọjá sí ìlú Buffalo, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ní Buffalo, ó rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ létí. Ẹ rántí pé àwọn ará Amẹ́ríkà ti bá Gẹ̀ẹ́sì jà fún òmìnira tiwọn. Kò ṣòro fún wọn láti káàánú ẹni tí ó ní òun náà ń jà fún un. Wọ́n dá owó, wọ́n kó ìbọn àti oúnjẹ fún un, àwọn ọ̀dọ́ wọn kan sì bá a lọ. Ní àárín oṣù December náà, wọ́n gba erékùṣù kékeré kan láàrin odò Niagara, Navy Island ni orúkọ rẹ̀, ti Kánádà sì ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yìnbọn sí èbúté Kánádà. Ìjọba Amẹ́ríkà kọ́ ni ó rán wọn o. Ìjọba náà tilẹ̀ ti kéde pé òun kò dá sí ìjà náà. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n gbà jáde, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ká wọn.

Àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà háyà ọkọ̀ Caroline, ọkọ̀ eléèéfín tí oníṣòwò ará Buffalo kan ni, pé kí ó máa kó ènìyàn àti ẹrù láti èbúté Schlosser ní New York lọ sí erékùṣù wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù December 1837, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ọ̀gágun àwọn ará Kánádà, Allan MacNab, rán Andrew Drew, ọ̀gá nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, pé kí ó lọ ba ọkọ̀ náà jẹ́. Wọ́n fi ọkọ̀ àjẹ̀ lọ nínú òkùnkùn. Wọ́n rò pé àwọn yóò bá a ní erékùṣù, èyí tí í ṣe ilẹ̀ tiwọn. Kò sí níbẹ̀. Schlosser ni ó wà, wọ́n sì so ó mọ́ èbúté Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn ń sùn nínú rẹ̀.

Wọn kò padà. Wọ́n gun ọkọ̀ náà, wọ́n lé àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sí orí ilẹ̀, wọ́n ti iná bọ̀ ọ́, wọ́n tú u sílẹ̀, odò sì gbé e lọ síhà ibi tí omi Niagara gbé ń já wálẹ̀ láti orí àpáta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkú ọkùnrin kan wà ní èbúté, ìbọn ni ó pa á. Amos Durfee ni orúkọ rẹ̀, ará Amẹ́ríkà sì ni.

Ariwo sọ ní gbogbo ààlà. Àwọn kan ń pè fún ogun. Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, Martin Van Buren, rán Ọ̀gágun Winfield Scott lọ pa iná ọ̀rọ̀ náà, Scott sì gbìyànjú gidigidi. Ṣùgbọ́n iná abẹ́ eérú ni. Ní 1840, ará Kánádà kan, Alexander McLeod, wá sí New York, wọ́n sì mú un pé ó wà lára àwọn tí ó pa Durfee. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ni í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Gẹ̀ẹ́sì fárígá pé ohun tí ìjọba rán ọmọ ogun, a kì í bi ọmọ ogun náà lẹ́jọ́ ìpànìyàn. Bí ilé-ẹjọ́ bá ti dá ọkùnrin yìí lẹ́bi, ó ṣeé ṣe kí ogun bẹ́. Ní oṣù October 1841, ní ìlú Utica, àwọn ìgbìmọ̀ onídàájọ́ dá a sílẹ̀ pé kò sí níbẹ̀ lóru ọjọ́ náà.

Nígbà tí ẹjọ́ yìí ń lọ ni Daniel Webster, Akọ̀wé Ìjọba Amẹ́ríkà fún ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè, kọ lẹ́tà sí Henry Fox, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 24 oṣù April 1841. Lẹ́tà yìí ni àwọn amòfin kò gbàgbé títí di òní. Webster kò sọ pé ènìyàn kò gbọdọ̀ kọjá ààlà láé. Ohun tí ó sọ ni pé ẹni tí ó bá kọjá rẹ̀ ni kí ó wá fi hàn pé ewu náà ti dé, pé ó tóbi, pé kò sí ọ̀nà mìíràn, àti pé kò sí àyè láti rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó sì ní ohun tí ó bá ṣe lọ́hùn-ún gbọdọ̀ mọ ní ìwọ̀n ewu náà. Lẹ́yìn náà ni ó wá béèrè bí àgbà agbẹjọ́rò. Ṣé ẹ kò lè kọ́kọ́ kìlọ̀ fún àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ náà ni? Ṣé ẹ kò lè dúró kí ilẹ̀ mọ́? Ṣé kò sí bí ẹ ṣe lè ya ẹlẹ́ṣẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára aláìṣẹ̀? Ṣé gbígba ọkọ̀ náà kò tó, àfi kí ẹ dáná sun ún?

Mo fẹ́ràn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ju gbogbo ọ̀rọ̀ ńlá tí ó wà nínú lẹ́tà náà lọ. Ènìyàn lè bi ọ̀gágun èyíkéyìí léèrè wọn lónìí.

Ní 1842, Gẹ̀ẹ́sì rán Lord Ashburton wá sí Washington. Ní oṣù July ó dá Webster lóhùn. Ó ní òun gba òfin tí Webster là sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ Caroline bá òfin náà mu. Òru ni wọ́n yàn, ó ní, kí ẹ̀mí má baà ṣòfò púpọ̀. Agbára omi kò jẹ́ kí wọ́n lè wọ́ ọkọ̀ náà lọ. Wọ́n sì tì í sí àárín odò kí iná má baà ran ilé àwọn ará Schlosser. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó ní ó dun òun pé ìjọba òun kò ti ṣe àlàyé kí ó sì tọrọ gáfárà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Webster gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó o: wọn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ìwọ̀n tí a ó fi wọ̀n ọ́n. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ní 9 August 1842, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ààlà láàrin orílẹ̀-èdè méjèèjì.

Ogun ńlá méjì kọjá lórí ayé lẹ́yìn ìyẹn. Ní 26 June 1945, ní San Francisco, wọ́n fọwọ́ sí ìwé òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ìwé náà ka á léèwọ̀ fún orílẹ̀-èdè láti fi agbára ogun wọ ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n abala 51 rẹ̀ fi ẹ̀tọ́ kan sílẹ̀: bí wọ́n bá gbé ogun ti ọmọ ẹgbẹ́ kan, ó lè gbèjà ara rẹ̀ títí Ìgbìmọ̀ Ààbò yóò fi dá sí i, ó sì gbọdọ̀ fi ohun tí ó ṣe tó ìgbìmọ̀ náà létí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Abala náà kò sọ ẹni tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ó gbé ogun náà wá. Orílẹ̀-èdè ni àbí ẹgbẹ́ agbébọn? Ìjà àwọn amòfin wà nínú ibi tí ó ṣófo yìí.

Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní ìlú Hague kọ́kọ́ fọwọ́ kan án ní 1986, nígbà tí Nicaragua pe Amẹ́ríkà lẹ́jọ́. Amẹ́ríkà ní Nicaragua ń fún àwọn ọlọ̀tẹ̀ El Salvador ní ìbọn, òun sì ń ran El Salvador lọ́wọ́ láti gbèjà ara rẹ̀ ni. Ilé-ẹjọ́ náà ní bí ìjọba bá rán ẹgbẹ́ agbébọn lọ jagun ńlá ní ilẹ̀ ẹlòmíràn, ó dà bí ẹni pé ìjọba náà ni ó lọ. Ṣùgbọ́n kí ó kàn fún wọn ní ìbọn, bí ó tilẹ̀ burú, kò tíì di gbígbé ogun tì. Ọmọ Èkó wà lára àwọn adájọ́ náà: Taslim Ọláwálé Elias, tí ó ti ṣe Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà rí, tí ó sì jẹ́ ààrẹ Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé náà láti 1982 títí di 1985.

Lẹ́yìn náà ni 11 September 2001 dé. Ẹgbẹ́ al-Qaeda fi ọkọ̀ òfuurufú pa ènìyàn tí ó súnmọ́ 3,000 ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kejì, Ìgbìmọ̀ Ààbò sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ ìgbèjà ara ẹni nínú ìpinnu 1368, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni ó ṣe iṣẹ́ ibi náà. Láti ìgbà náà ni àwọn ìjọba kan ti ń sọ pé bí orílẹ̀-èdè kan kò bá fẹ́, tàbí tí kò lágbára láti ká àwọn agbébọn ilẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ kò, ẹni tí wọ́n ń pa lè wọlé tọ̀ wọ́n lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni Amẹ́ríkà kọ sí Àjọ náà ní oṣù September 2014, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ju bọ́m̀bù sí Síríà nítorí àwọn ISIS. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni kò gbà á. Ta ni yóò pinnu pé aládùúgbò kò lágbára? Àbí ẹni tí ó ti gbé ìbọn lọ́wọ́ náà ni?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ní 1998, àwọn ọmọ ogun Uganda wọ Kóńgò lọ jìnnà. Uganda ní àwọn ọlọ̀tẹ̀ kan ń ti ibẹ̀ wá pa ènìyàn òun. Òótọ́ sì ni pé wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n ní oṣù June 2000, Uganda àti Rwanda bá ara wọn jà fún ọjọ́ mẹ́fà ní ìlú Kisangani, láàrin ilé àwọn ará Kóńgò tí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ní 19 December 2005, Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní kò sí ẹ̀rí pé ìjọba Kóńgò ni ó rán àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà. Ó ní gbígba pápá ọkọ̀ òfuurufú àti ìlú tí ó jìnnà sí ààlà Uganda ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà kò jọ ohun tí ó mọ níwọ̀n. Ìbéèrè Webster nìyẹn, lẹ́yìn ọdún 164. Ní 2022, ilé-ẹjọ́ náà ní kí Uganda san mílíọ̀nù 325 dọ́là fún Kóńgò. Síbẹ̀, ó yẹra fún ìbéèrè wa: ṣé òfin gbà kí orílẹ̀-èdè gbèjà ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí ìjọba kankan kò rán? Ó ní kò kan òun láti dáhùn rẹ̀ nínú ẹjọ́ yẹn. Àwọn adájọ́ méjì, Kooijmans àti Simma, kọ èrò tiwọn sọ́tọ̀ pé ó yẹ kí ó dáhùn.

Ní tèmi o, n kò lè sọ fún ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀bá ààlà pé kí ó dúró de ìgbà tí a bá rí ìwé tí ìjọba kan fi rán apànìyàn náà. Ṣùgbọ́n n kò lè fi kọ́kọ́rọ́ ilé gbogbo orílẹ̀-èdè tí kò lágbára lé àwọn alágbára lọ́wọ́ pẹ̀lú. Mo rò pé kí á kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn kí á tó fo ògiri. Àwọn aládùúgbò wa ní adágún Chad kàn án. Nígbà tí Boko Haram ń ti Nàìjíríà pa àwọn ará Chad, Niger àti Cameroon, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fọwọ́ sí ẹgbẹ́ ogun àpapọ̀ ní oṣù January 2015. Ní oṣù kejì ọdún náà, àwọn ọmọ ogun Chad wọ ìlú Gamboru ní ìpínlẹ̀ Borno, Nàìjíríà sì ti gbà kí wọ́n wọlé. Ibi tí onílé bá ti ní kí á máa bọ̀, kò sí ẹni tí yóò máa wá abala 51 kiri.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ àṣetiléwá yín nìyí. Ẹ wá abala 51 náà, kò gùn, ẹ ka á fún àwọn òbí yín, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá àwọn ì bá fo ògiri. Ó dàárọ̀ o.