Omi Ilé-Ìwé àti Ọmọ Tí Kò Wá

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa, ní Tápà)

Nígbà tí ẹgbẹ́ ní kí àwa olùkọ́ wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àti ìlera, ohun tí a kọ́kọ́ rò pé yóò dùn mọ́ yín ni kí a ka orúkọ àwọn ọmọ tí ó yege. A fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kò wá sí ilé-ìwé ni a fẹ́ sọ.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 1955, ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé ní 1954 tó nǹkan bí 457,000; ní 1955 wọ́n ti lé ní 811,000. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ òbí ti gbà pé bí a bá ti ra ìwé, tí a sì rán aṣọ ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ilé-ìwé lè wà lọ́fẹ̀ẹ́ kí ara ọmọ má jẹ́ kí ó dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti súnmọ́ àádọ́ta ọdún, tí ẹ sì dàgbà ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ẹ kò lè gbàgbé sòbìà. Nígbà tí àwa wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, àwọn bẹ́ǹṣì a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Ọmọkùnrin kan wà tí a jọ ń jókòó, tí ó mọ ìṣirò jù wá lọ. Sòbìà yọ sí i ní ọrùn ẹsẹ̀ ní ọdún kan, ó tún yọ sí i ní orúnkún ní ọdún kejì. Fún bí oṣù méjì ni kò fi lè fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀. Nígbà tí ó padà dé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi í sílẹ̀. Ojú tì í, ó sì bá bàbá rẹ̀ lọ sí oko ẹ̀gúsí. Àgbẹ̀ rere ni ó dà, a kò sì kẹ́gàn iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó yan ọ̀nà náà.

Ní ìgbà náà, àwọn àgbà mìíràn gbà pé a dá sòbìà mọ́ ènìyàn lára ni, bí iṣan. Ewé olúgànbe ni wọ́n mọ̀ fún un. Òwe wa pàápàá sọ pé bí sòbìà yóò bá di egbò, olúgànbe ni à ń ké sí. Àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlera ní Igbó-Ọrà láti 1963, kọ́ wa pé inú omi adágún ni a ti ń mu ún. Kòkòrò tín-ín-tín inú omi ni ó gbé ọmọ aràn náà mì. Ènìyàn a mu omi náà, aràn a sì dàgbà nínú ara fún bí ọdún kan kí ó tó yọ jáde, ní ẹsẹ̀ pàápàá jù lọ. Bí ẹni tí ó ń yọ lára rẹ̀ bá tún tẹ ẹsẹ̀ bọ adágún, ó ti tú ọmọ aràn sínú omi tí gbogbo ilé yóò mu.

Gbígbọ́ nìkan kò tó láti yí wa lọ́kàn padà. Ní Ìdèrè, ní àwọn ọdún 1980, àwọn ará ìlú tí a kọ́ ní iṣẹ́ ìlera ń ta aṣọ asẹ́ tí àwọn télọ̀ ìlú rán, kí ìyá ilé fi bo ẹnu ìkòkò kí ó tó da omi sí i. Aṣọ lásán! Nígbà tí a ka àwọn tí sòbìà mú káàkiri Nàìjíríà ní nǹkan bí 1988, wọ́n lé ní 600,000. Ẹni ìkẹyìn ni a rí ní 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní 2013 pé àrùn náà ti tán ní ilẹ̀ wa.

Àwa olùkọ́ rò pé bí sòbìà ti lọ, ọ̀rọ̀ omi ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ ilé-ìwé. Ní ilé-ìwé kan tí a ti kọ́ni, tí a kò ní í dárúkọ, ọmọbìnrin kan wà tí ó máa ń pa ilé-ìwé jẹ ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóṣooṣù. A bi í, kò fèsì. A nà án. A kọ ọ́ sínú ìwé àbájáde rẹ̀ pé ọ̀lẹ ni. Ìyá rẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní: “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ilé-ìyàgbẹ́ wo ni ọmọ mi yóò lò nígbà tí ó bá ń ṣe nǹkan oṣù? Omi wo ni yóò fi wẹ ọwọ́?” A kò rí èsì fún un. Igbó ni ó wà lẹ́yìn kíláàsì, kànga ti gbẹ kí àwa tó dé ibẹ̀, àwa ọkùnrin kò sì ronú kàn án rí. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá náà lójú ẹsẹ̀; ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ kan kí a tó lè tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ.

A gbọ́ pé gbọ̀ngàn ìlú ni àwọn kan fẹ́ kí a fi owó tí a dá ní ọdún yìí bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bú wọn: àwa náà na ọwọ́ sókè fún gbọ̀ngàn ní ìpàdé tí ó kọjá. Gbọ̀ngàn dára, òjò ti pa wá tó ní ìpàdé. Ṣùgbọ́n a ti yí ìbò wa padà. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ sí ilé-ìwé, kí a sì kọ́ ilé-ìyàgbẹ́, ti obìnrin lọ́tọ̀, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, èyí tí ó ní ilẹ̀kùn tí a lè tì láti inú. Ẹ jẹ́ kí a sì ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀, kí ó wà lọ́wọ́ òbí méjì, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin. Nítorí gbogbo wa ni a ti rí ẹ̀rọ omi tí a fi ìlù ṣí, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ṣẹ́ kí ọdún tó yípo.

Alága, ìwé ìpèsórúkọ kíláàsì wa nìyí lọ́wọ́ wa. Òbí tí ó bá fẹ́ mọ iye ọjọ́ tí ọmọ tirẹ̀ kò wá ní ọdún yìí, kí ó jọ̀wọ́ wá bá wa lábẹ́ igi lọ́hùn-ún kí a tó dìbò.